Iyọ̀ Tó Ń Jò Lọ Lára Ọmọ: Àlàyé Lórí Àrùn Kíndìnrín Kan Tí À Ń Jogún



Ohun tí a sábà máa ń kọ sínú ìwé ìròyìn wa yìí ni bí owó Sàká ṣe wọlé àti bí a ṣe ná an. Lọ́tẹ̀ yìí, àìsàn kan ni a fẹ́ ṣàlàyé. Ó wà lára ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òrukàn tí ẹgbẹ́ wa ń tọ́jú, ó sì wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú rẹ̀ kò fi mọ̀. Orúkọ tí a fún àìsàn náà nígbà yẹn ni ìwà ọ̀lẹ.

Ọmọbìnrin ni ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí òbí rẹ̀ méjèèjì ti di olóògbé, a sì fi í sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tí à ń fún ní owó oúnjẹ lóṣooṣù. Láti ìgbà náà ni ẹ̀sùn ti ń wá. Wọ́n ní kì í fẹ́ pọn omi: bí ó bá ru garawa dé àárín ọ̀nà, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á jókòó tì í. Wọ́n ní ó ń jí iyọ̀ lá bí ewúrẹ́. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń dìde tọ̀ lóru, nígbà mìíràn á sì tọ̀ sórí ẹní. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ń sùn ní kíláàsì. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́: àwọn ìka á ká jọ, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀, kò sì ní lè nà án fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn kan ní wárápá ni. Àwọn kan ní ará ilé bàbá rẹ̀ ló ń fi nǹkan ṣe é. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tiwa, lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ohun tí a kọ ni pé ara rẹ̀ le, pé iṣẹ́ ni kò fẹ́ ṣe. Ọwọ́ ara wa ni a fi kọ ọ́.

Nínú ààwẹ̀ Rámádánì ọdún 2023, ó ṣubú nílé kéú lọ́sàn-án gangan. Nílé ìwòsàn tí a gbé e lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ 2.3. Ó yẹ kí ó wà láàárín 3.5 sí 5.0 nínú òṣùwọ̀n mmol/L tí ilé àyẹ̀wò ń lò. Wọ́n fa omi oògùn sí i lára, ara rẹ̀ mókun, a mú un lọ sílé. Kò pé oṣù kan ààbọ̀ tí ó tún ṣubú. Wọ́n tún fa omi sí i. Nígbà kẹta ni dókítà kan bi alágbàtọ́ ní ìbéèrè méjì tí ẹnikẹ́ni kò bi wá rí: ṣé ọmọ yìí fẹ́ràn iyọ̀, ṣé ó sì ń jí tọ̀ lóru? Ó ní kí wọ́n yẹ magnẹ́síọ̀mù rẹ̀ wò pẹ̀lú. Òun náà ti wálẹ̀ gan-an. Dókítà náà fi wá ránṣẹ́ sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa kíndìnrín, ibẹ̀ ni a sì ti gbọ́ orúkọ àrùn Gitelman fún ìgbà àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ wo ni kíndìnrín ń ṣe?

Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́hun fún olúkúlùkù wa. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tíntìntín ló wà, tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Omi tí àwọn asẹ́ yìí ń sẹ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lójúmọ́ tó 180 lítà. Bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ tí àgbàlagbà ń tọ̀ lójúmọ́ kì í sábà ju lítà kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Níbo wá ni ìyókù ń lọ? Kíndìnrín fúnra rẹ̀ ló ń gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé ẹni tó fẹ́ tún yàrá ṣe. Kò ní máa ṣa ìdọ̀tí lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ibùsùn. Á kó gbogbo ẹrù síta, á gbálẹ̀, lẹ́yìn náà á kó èyí tó wúlò padà sínú ilé, á sì fi pàǹtí sílẹ̀ lóde. Bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín ń ṣe. Ó ń da omi, iyọ̀ àti ṣúgà síta pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí, ó sì ń gba èyí tí ara nílò padà. Inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ, tó so mọ́ asẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni ìgbàpadà yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ara ọ̀pá náà ní ẹnu-ọ̀nà oríṣiríṣi, oníbodè sì wà ní ẹnu-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó mọ ohun tí òun ń gbà wọlé.

Nígbà tí a bá ń sọ pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan ni a ní lọ́kàn. Sódíọ̀mù wà níbẹ̀, kúlóráìdì wà níbẹ̀ (àwọn méjèèjì ló para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀), pòtásíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù àti kálísíọ̀mù náà sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ wà kò gba àṣìṣe púpọ̀. Àwọn ni iṣan fi ń fà tí ó fi ń dẹ̀, àwọn ni ọkàn fi ń lù déédéé.

Ibo ni iyọ̀ ti ń jò?

Lára ẹni tó ní àrùn Gitelman, oníbodè kan ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Oníbodè yìí wà níwájú lórí ọ̀pá náà, níbi tí ọ̀pọ̀ iyọ̀ ti wọlé padà tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba sódíọ̀mù àti kúlóráìdì tó ṣẹ́kù. Iye sódíọ̀mù tó ń gbà padà kò ju 5 sí 10 lọ nínú 100, ẹnìkan sì lè rò pé ìyẹn kéré. Ṣùgbọ́n nínú 180 lítà lójúmọ́, kì í ṣe ohun kékeré. Iyọ̀ ń bá ìtọ̀ lọ, omi sì ń tẹ̀ lé iyọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń tọ̀ lóru, tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́, tí ara rẹ̀ sì fi ń wá iyọ̀ kiri. Ohun tí ara rẹ̀ ń sọnù ni ọmọ wa ń wá nínú agolo iyọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà án.

Ara kì í dákẹ́ bí iyọ̀ bá ń jò. Ó máa ń fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní aldosterone ránṣẹ́ sí ẹnu-ọ̀nà tó kù níwájú pé kí wọ́n gba sódíọ̀mù padà lọ́nàkọnà. Àmọ́ pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: bí sódíọ̀mù bá wọlé, pòtásíọ̀mù àti èròjà kíkan inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde lọ dípò rẹ̀. Ká kúkú sọ pé ara ń fi pòtásíọ̀mù ra sódíọ̀mù lójoojúmọ́, títí àpò pòtásíọ̀mù fi gbẹ. Magnẹ́síọ̀mù náà ń bá ìtọ̀ lọ. Kálísíọ̀mù nìkan ni kíndìnrín ń dì mú ju bó ṣe yẹ lọ, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló máa ń wà nínú ìtọ̀. Àmì yìí sì wúlò fún dókítà.

Àwọn àgbàlagbà tó ń lo hydrochlorothiazide fún ẹ̀jẹ̀ ríru á tètè lóye èyí. Oníbodè yìí kan náà ni oògùn yẹn ń dá dúró, ìyẹn ló fi ń múni tọ̀ tí ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹni tó ní àrùn Gitelman dà bí ẹni tó ń lo oògùn náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, láìní ẹ̀jẹ̀ ríru lára.

Dókítà Hillel Gitelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló ṣàpèjúwe àrùn yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì wà lára àwọn aláìsàn tí wọ́n kọ nípa wọn. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní 1962, Frederic Bartter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàpèjúwe ìbátan àrùn yìí kan, tí ẹnu-ọ̀nà mìíràn lórí ọ̀pá kan náà ń fà. Àrùn Bartter sábà máa ń tètè hàn, nígbà mìíràn láti inú oyún: omi inú ilé-ọmọ á pọ̀ jù, ọmọ á sì wáyé láìtó oṣù. Àrùn Gitelman máa ń fara pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó di ìgbà tí ọmọ bá ti ń lọ sílé-ìwé tàbí tí ó bá ń bàlágà kí ó tó hàn, àwọn mìíràn sì ti di àgbàlagbà kí wọ́n tó mọ̀.

Báwo ni ó ṣe ń hàn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ ka èyí dáadáa. Àwọn àmì rẹ̀ ni: kí ó máa rẹ ọmọ láìsí ìdí, kí pajápajá máa mú un lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́, kí ọwọ́ máa lọ́, kí ó máa dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní ètè àti ìka rẹ̀, kí òòyì máa kọ́ ọ tó bá dìde lójijì, kí ó máa lá iyọ̀, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ ṣáá, kí ó máa jí tọ̀ lóru, kí ọkàn rẹ̀ máa lù ségesège. Àwọn mìíràn kì í dàgbà tó ẹgbẹ́ wọn. Nínú àwọn àgbàlagbà, oríkèé, pàápàá orúnkún, lè máa dùn wọ́n.

Kò sí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí tí àìsàn mìíràn kò lè fà. Ìtọ̀gbẹ ṣúgà náà ń mú òùngbẹ àti ìtọ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ tó dín lára sì ń mú àárẹ̀ wá. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán dájọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn bá pàdé lára ọmọ kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò kí a tó yẹ ìwà rẹ̀ wò.

Ewu tó tóbi jù ni ti ọkàn. Bí pòtásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù bá wálẹ̀ gan-an, ọkàn lè ṣi ìlù rẹ̀ lù, ẹni náà sì lè dákú tàbí kí ó kú lójijì. Èyí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì ni ó sún mọ́ jù. Ọmọ tó ní àrùn yìí kò gbọ́dọ̀ sun ìgbẹ́ gbuuru mọ́jú nílé. Bákan náà, àwọn oògùn kan wà tó ń fa ìlù ọkàn gùn, kíníìnì tí a fi ń wo ibà àti azithromycin wà lára wọn. Ẹ rí i pé ẹ sọ fún oníṣègùn pé pòtásíọ̀mù ọmọ yìí máa ń wálẹ̀, kí ó tó kọ oògùn ibà tàbí ti ikọ́ fún un.

Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti wá?

Kì í ṣe àsàsí, kì í sì í ràn. Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ni a ti ń jogún rẹ̀, bí a ṣe ń jogún àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS tí a máa ń bèèrè kí a tó so yìgì. Ẹni tó jẹ́ AS kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ra, ọmọ wọn lè jẹ́ SS. Ọ̀nà kan náà ni èyí ń gbà. Jíìnì tó ń pàṣẹ bí ara ṣe ń ṣe oníbodè tí a sọ yìí ni wọ́n ń pè ní SLC12A3, àwọn onímọ̀ tí Richard Lifton ṣáájú wọn ní Yunifásítì Yale ló sì fi hàn ní ọdún 1996 pé òun ló ń bàjẹ́ nínú àrùn Gitelman. Ẹni tó ní ẹyọ kan tó bàjẹ́ àti ẹyọ kan tó dára, ara rẹ̀ le. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì bá bímọ, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á ní àrùn náà, ìdá méjì nínú mẹ́rin ni pé á kàn gbé ẹyọ kan kiri bíi tàwọn òbí rẹ̀, ìdá kan tó kù ni pé kò ní gbé rárá.

Ní Yúróòpù, ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé ẹnìkan nínú 40,000 ló ní in. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ ìbátan, ó rọrùn kí àwọn méjèèjì gbé irú jíìnì kan náà, nítorí orísun kan ni wọ́n ti pọn ọ́n.

Ohun méjì tẹ̀ lé èyí. Èkíní, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ tó bá ní in gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò. Èkejì, kò sí ìdí tí ọmọbìnrin wa kò fi ní lọ́kọ. Bí ó bá fẹ́ ẹni tí kò gbé jíìnì náà, gbogbo ọmọ wọn á gbé ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò ní sí èyí tí àrùn náà máa ṣe nínú wọn. Bí ó bá lóyún, kí dókítà tètè mọ̀ ni, nítorí pòtásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù tí ara rẹ̀ máa nílò nígbà náà á pọ̀ sí i.

Àyẹ̀wò tí ó yẹ kí a béèrè

Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń kọ E/U/Cr sí ní ilé ìwòsàn wa ń sọ iye sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti kúlóráìdì inú ẹ̀jẹ̀. Kì í sọ iye magnẹ́síọ̀mù. A gbọ́dọ̀ béèrè ìyẹn lọ́tọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ wa ti dí nìyẹn. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n da pòtásíọ̀mù sí i lára tí ó tún jò lọ, nítorí pé bí magnẹ́síọ̀mù bá dín, kíndìnrín kì í lè di pòtásíọ̀mù mú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, dókítà á yẹ ìtọ̀ wò. Ẹni tí iyọ̀ ara rẹ̀ ń bá èébì lọ, kúlóráìdì inú ìtọ̀ rẹ̀ á kéré, nítorí kíndìnrín rẹ̀ ń fún èyí tó kù mọ́wọ́. Ti ẹni tó ní àrùn Gitelman á pọ̀, nítorí kíndìnrín gan-an ni ibi tó ń jò. Wọ́n á tún béèrè bóyá ó ń lo oògùn tó ń múni tọ̀, nítorí àbájáde méjèèjì jọra. Kí alágbàtọ́ má bínú sí ìbéèrè yẹn. Àyẹ̀wò jíìnì ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà tí a gbọ́ kíndìnrín, nítorí ohun tí a mọ̀ ni kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún. Èyí yàtọ̀. Kíndìnrín ọmọ yìí ń kó ìdọ̀tí jáde dáadáa. Iyọ̀ ni kò lè dì mú.

Ìtọ́jú rẹ̀

Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò pátápátá. Ohun tí ìtọ́jú ń ṣe ni láti dá ohun tó ń jò padà lójoojúmọ́. Oògùn pòtásíọ̀mù kúlóráìdì wà, oògùn magnẹ́síọ̀mù wà, a sì ń pín wọn sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, nítorí bí a bá gbé magnẹ́síọ̀mù púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fà, ìyẹn á sì tún kó iyọ̀ lọ. Dókítà lè fi amiloride tàbí spironolactone kún un, àwọn tó ń dín pàṣípààrọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kù. Àwọn onímọ̀ tí àjọ KDIGO kó jọ dá a lábàá nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 pé bí pòtásíọ̀mù bá tó 3.0 tí magnẹ́síọ̀mù sì tó 0.6, ó bójú mu. Nítorí náà, kí a má ṣe rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́ nítorí pé iye náà kò dé ti ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ jíjẹ náà ń da àwọn ènìyàn láàmú. Gbogbo àgbàlagbà ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, òótọ́ sì ni fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní àṣẹ dókítà láti jẹ iyọ̀ dé ibi tó bá wù ú. Kí ẹ se ọbẹ̀ ilé bí ẹ ṣe ń sè é, kí ẹ sì gbé iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tirẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, dábínù, omi àgbọn àti ẹ̀wà ní pòtásíọ̀mù, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tútù sì ní magnẹ́síọ̀mù. Wọ́n dára fún un, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò lè dí ihò náà.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, káún kì í ṣe pòtásíọ̀mù. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣàlàyé fún alágbàtọ́, ó ní káún wà nílé, nítorí pé potash ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Sódíọ̀mù àti káábónéètì ló pọ̀ nínú káún tí a fi ń se ewédú. Èròjà kíkan ti dín tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn yìí, káún á sì tún mú un burú sí i. Èkejì, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn tó ń múni yàgbẹ́ léwu fún un. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn pòtásíọ̀mù fún ara rẹ̀ nítorí pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Pòtásíọ̀mù tó pọ̀ jù lè dá ọkàn dúró, pàápàá lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀

Bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ni a mọ̀ pé ọmọ yìí ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan rí nínú ààwẹ̀ ọdún tó ṣáájú, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní ó ń wá ọ̀nà àtijẹun. Dókítà ti sọ pé kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀, nítorí pé kò lè wà láti sààrì títí di ìṣínu láìmu omi àti láìlo oògùn. A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ìmáàmù wa. Ó rán wa létí pé Kùránì alápọ̀n-ọ́nlé fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185. Ó ní ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ, tí kò sì ní ìrètí àtisan án padà, kí ó máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó sì fi kún un pé ọ̀ranyàn ni fún àwọn tó wà nílé kí wọ́n má fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó má baà di pé ó ń sá lọ sẹ́yìnkùlé kí ó tó lè lo oògùn rẹ̀. Àwa ni a ń gbé oúnjẹ náà sílẹ̀ fún un lọ́dọọdún.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa

Ọmọ yìí ní àbúrò ọkùnrin kan. Nígbà tí òbí wọn kú, a pín wọn: ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé kan, àbúrò lọ sí ìlú mìíràn, a sì rò pé a ti ṣe ohun tó dára, nítorí pé ẹrù méjì wúwo fún ẹnìkan. Nígbà tí dókítà ní kí ó wá ṣe àyẹ̀wò, pòtásíọ̀mù tirẹ̀ jẹ́ 2.9. Alágbàtọ́ tirẹ̀ náà ti ń rojọ́ tipẹ́ pé ó ń lá iyọ̀, ó sì ń tọ̀ sílé. Ẹ̀sùn kan náà, láti ilé méjì, wà nínú ìwé méjì lórí tábìlì kan náà ní ọ́fíìsì wa. A kò gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí.

Ìyá wọn ì bá mọ̀. Ìyá ló máa ń rántí pé bí èyí ṣe ń ṣe ni èyí náà ń ṣe, pé bàbá wọn náà ní àbúrò kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ́. Bí òbí bá kú, oúnjẹ àti aṣọ nìkan kọ́ ni ọmọ ń pàdánù. Ẹni tó ń rántí ara rẹ̀ fún un náà ti lọ. Bí a bá sọ pé àwa ni a gba ipò òbí, ìrántí náà di ọrùn wa. Nítorí èyí, a ti ṣí ìwé ìlera fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́, a sì ń kọ ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sí ojú ewé tó dojú kọra. Ẹ̀sùn tí alágbàtọ́ bá mú wá nípa ìwà ọmọ, inú ìwé yẹn ni a ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa sí ẹ̀yin olùfúnni Sàká ni pé jíjẹ́ ọmọ òrukàn nìkan kọ́ ló sọ ọmọ di ẹni tí Sàká tọ́ sí. Àìní ni. Àìní àwọn ọmọ méjèèjì yìí kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ máa ń rán aṣọ ọdún àti ìrẹsì wá, Ọlọ́hun á san án fún yín. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ara wọn ń jò lọ́jọ́ gbogbo tí Ọlọ́hun dá, títí kan ọjọ́ tí ọdún bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí gbogbo wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí oògùn bá tán fún ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Nítorí náà, a ti ya owó oògùn wọn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, owó ìdáwó mìíràn kò sì gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàárà tí kò tóbi, tí kò sì ní dáwọ́ dúró, kí ó bá wa ra oògùn oṣù kan.

Ọmọbìnrin náà ti ń pọn omi báyìí. Kì í ru garawa tó kún, kò sì sí ẹni tó ń fi dandan mú un. A ti fa ilà sórí ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ láyé ọjọ́sí, a sì fi orúkọ àìsàn rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. A kò ya ojú ewé náà kúrò, kí àwọn tó máa gba ìwé yìí lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ iwájú lè rí i. A sì ti bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ará ilé tó ń gbé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́hun fi àlááfíà fún àwọn ọmọ wa, kí Ó forí jì wá níbi tí a ti kù díẹ̀ káàtó, kí Ó sì gba Sàká àti sàárà yín. Àmín.